Orí Ẹja Tí Wọ́n Ní Kí N Dà Nù

"Orí ẹja dà?"

Ohun tí Bàbá Tíṣà bèèrè nìyẹn nílé oúnjẹ tuntun tí wọ́n pè wá wá bá wọn ṣí. Àwa bí ogún la jókòó, a wọ ìbọ̀wọ́ náílọ́ọ̀nù, a gbé ọwọ́ sókè bí dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Wọ́n ti da oúnjẹ sórí tábìlì níwájú wa, kò sí àwo, kò sí abọ́: akàn, edé ńláńlá, ẹja, àgbàdo gígé, ọ̀dùnkún, gbogbo rẹ̀ ń dán fún bọ́tà àti ata. Orí ẹja nìkan ni kò sí níbẹ̀. Èmi tí mo mọ ibi tó wà, mo ń wo òrùlé.

Ẹja ni mò ń tà lọ́jà Kàbà láti ìgbà tí mo ti ń pọn àkọ́bí mi. Àkọ́bí náà ti ń pọn ọmọ tirẹ̀ báyìí. Ìdájí ni mo máa ń wọkọ̀ lọ Lọ́kọ́ja, kí n bá àwọn apẹja létí odò, kí n kó àrọ̀ àti epìyà sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, kí n sì padà kí oòrùn tó mú. Mi ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n ẹja ò lè purọ́ fún mi. Mo máa ń ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò ni. Bí inú ibẹ̀ bá pupa bí ẹ̀jẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lódò. Bó bá ti ṣá bí aṣọ àlòkù, mo fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi ẹwà yan ẹja bí ìyàwó. Iṣẹ́ dára, àmọ́ ó ti jẹ orúnkún mi tán. Bí mo bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo ní láti kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n, wọ́n á ní àwọn ń rò ó.

Bó ṣe rí nìyẹn tí Dúpẹ́, ọmọ ìlú wa kan, fi dé láti Amẹ́ríkà, tó wá dúró nídìí àtẹ mi, tó kí mi bí a ṣe ń kíra wa níbí.

"Okun o, Màmá."

"Okun, ọmọ mi. Èwo ni kí n gbé fún ọ?"

"Gbogbo ẹ̀."

Mo ní bóyá òtútù ti mú ọpọlọ ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní rárá, òun ń ṣí ilé oúnjẹ lọ́nà Òkéné ni. Ó ní àwọn kan wà ní Luisiánà, níhà gúúsù Amẹ́ríkà, Kéjùn ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n mọ akàn àti edé é fi ata sè. Àwọn ará Éṣíà wá bá wọn níbẹ̀, wọ́n fi ààyù, ata ilẹ̀ àti bọ́tà sí i, ó di ohun tí ayé ń tò fún. Orí bébà ni wọ́n ń dà á sí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Mo ní, "Àwo wọ́n lọ́hùn-ún ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó ní gbogbo ohun tí òun kó jọ nídìí títọ́jú arúgbó nílẹ̀ òyìnbó ló wà nínú ilé yẹn. Bí kò bá dúró, òun ò ní ibi tí òun tún ń lọ. Akàn àti edé á máa ti Èkó wá, èmi ni kí n máa kó ẹja. Èmi náà sọ ọ́ sínú pé bí ilé yìí bá dúró, mo bọ́ lọ́wọ́ oòrùn nìyẹn. N ó gbé ẹja fún un láàárọ̀, n ó lọ na ẹsẹ̀ mi sílé.

Ó wá ní, "Màmá, ẹ bá mi gé orí wọn dà nù. Àwọn oníbàárà kì í fẹ́ kí ẹja máa wo àwọn lójú."

Ọmọ Kàbà ló sọ bẹ́ẹ̀! Nílé tiwa, àgbà ló ni orí ẹja. Ẹni tó dàgbà jù nídìí oúnjẹ ló ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ọmọ tó bá ṣíwájú rẹ̀, wọ́n á gbá a lọ́wọ́. Ó yẹ kí n sọ fún un. Àmọ́ orí àrọ̀ lówó lórí, àwọn tó ń se pẹpẹsúùpù ní gáréèjì máa ń jà sí i. Mo ní, "Kò burú, ọmọ mi, n ó dà á nù." Inú kúlà mi ni mo dà á nù sí.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé náà, ẹbí ni Dúpẹ́ kọ́kọ́ pè, ó sì pe èmi náà mọ́ wọn. Bàbá Tíṣà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló jókòó sáàárín. Bí wọ́n ṣe tú oúnjẹ sórí bébà, ó fà sẹ́yìn.

"Dúpẹ́, ṣé adìẹ ni wá ni?"

"Bàbá, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn."

"A ti gbọ́." Ó tú oúnjẹ náà wò lápá ọ̀tún, ó tú u lápá òsì, ó wá bèèrè orí ẹja.

Dúpẹ́ ní àwọn ti dà á nù. Bàbá Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ìka kan tẹ̀ lé ìkejì. Kò bínú, àìbínú yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. "Ẹ máa jẹun yín. N ó lọ jẹ iyán nílé."

Ta ló máa jẹun? Bí àgbà ẹbí bá fi ebi dìde nídìí oúnjẹ rẹ, kí ilẹ̀ tó ṣú, títí dé Odò-Ẹrẹ̀ ni wọ́n á ti gbọ́. Mo wo Dúpẹ́, tí gbogbo owó rẹ̀ wà nínú ilé yẹn. Mo wo orúnkún mi náà.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má tíì dìde. Orí ń bọ̀ lọ́nà."

"Ọ̀nà ibo?"

"Ọ̀nà ọjà, Bàbá."

Ìbọ̀wọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo gun àchàbà, alùpùpù akérò. Ẹni tó gbé mi ní, "Ìyá ẹlẹ́ja, ṣé ẹ ti di nọ́ọ̀sì ni?" Mo ní kó wo iwájú. Mo kó orí márùn-ún dé, Dúpẹ́ sè wọ́n nínú ọbẹ̀ bọ́tà rẹ̀, mo sì ní kó wá àwo. Bàbá Tíṣà fa ojú ẹja mu, ó tú egungun rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń máàkì ìwé ọmọ iléèwé. Gbogbo ọwọ́ ṣì wà lókè. Níkẹyìn ó na ọwọ́ rẹ̀ síta, ó ní, "Ẹ fún mi ní náílọ́ọ̀nù mìíràn." Ìgbà yẹn lọwọ́ gbogbo wa wọ oúnjẹ.

Dúpẹ́ fà mí lọ sí ilé ìdáná. "Màmá, ibo lẹ ti rí orí yẹn?"

"Ibi tí mo dà á nù sí."

Ó ní, "Ẹ mọ̀ pé wọ́n á bèèrè ẹ̀."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ojúkòkòrò ló di mí lẹ́nu."

Kò bú mi. Ì bá kúkú bú mi.

Ilé náà dúró. Ní gbogbo tábìlì, orí ẹja ló ń kọ́kọ́ jáde nínú àwo, a sì máa ń rí bàbá méjì tí wọ́n á máa jiyàn ọjọ́ orí títí ọbẹ̀ á fi tutù. Ìsinmi tí mo ń retí kò wá ní tirẹ̀. Dúpẹ́ rán ẹlòmíràn lọ Lọ́kọ́ja lẹ́ẹ̀kan, ẹja tó ṣá ló kó dé. Èmi ni mo ṣì ń lọ, èmi ni mo ṣì ń ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wò. Orí sì ti kúrò nínú èrè mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ẹja dé, ó rẹ̀ mí débi pé mo jókòó sídìí tábìlì tí àwọn òṣìṣẹ́ Dúpẹ́ ti fẹ́ jẹun. Dúpẹ́ gbé àwo orí ẹja wá, ó kúnlẹ̀, ó gbé e síwájú mi. Mo wo yíká bóyá n ó rí ẹni tó jù mí lọ. Kò sí. Gbogbo wọn ti gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń dúró dè mí.

Mo fọwọ́ kàn án.