Ìwé Tí Mo Fi Pe Ọkọ Mi Lẹ́jọ́

Ọjà'ba ni mo ti ra ìwé náà, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ìwé àlòkù. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni, ó dá lórí àwọn tó fẹ́ràn ara wọn jù, tí wọn kì í ro ti ẹlòmíràn. Kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, mo ti rí ọkọ mi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Mo fi bírò pupa fàlà sí gbogbo rẹ̀ nídìí.

Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí ọkọ mi ti kó lọ sí yàrá ìyá rẹ̀, nínú agboolé wa kan náà lẹ́yìn Màpó. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó tó ń mu ẹ̀kọ ìyá rẹ̀. Ó dùn mí wọra! Mo fẹ́ kó padà, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gbà pé òun ló jẹ̀bi.

Mo gbé ìwé mi, ó di ọ̀dọ̀ Mọ́gàjí, olórí ẹbí wa. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkọ mi àti ìyá rẹ̀.

"Ìyàwó wa, èmi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì," ni Mọ́gàjí wí. "Máa sọ ọ́ fún wa ní Yorùbá."

Mo ṣí ìwé náà, mo bẹ̀rẹ̀. "Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn parí ọ̀rọ̀."

"Ẹn-ẹ́n, ìyẹn ni pé..."

"Bàbá, ẹ dúró ná, mi ò tíì parí!"

Ìyá ọkọ mi wúkọ́. Ọkọ mi kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ló ń rín, oníyẹ̀yẹ́!

Mọ́gàjí wo àwọn ìlà pupa. "Gbogbo èyí, ti ọkọ rẹ ni? Kò sí ẹyọ kan tó jẹ́ tìrẹ?"

"Bàbá, èmi kọ́ ni wọ́n ń bá wí."

Mo ka èyí tó kàn: "Kì í lè sọ pé, ẹ má bínú." Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wà nínú agboolé yìí, mo wá a títí, mi ò rántí ọjọ́ tí mo sọ ọ́. Aṣọ Iléyá ọkọ mi tí mo fi áyọ́ọ̀nù jó, èyí tó torí ẹ̀ kó jáde, ṣebí mo ní òun ló lọ ra aṣọ yẹpẹrẹ.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú."

Ọkọ mi yíjú padà. "Ṣé ìwé ló wí bẹ́ẹ̀, àbí ìwọ?"

"Èmi ni o," ni mo wí, ni mo bá bú sẹ́kún.

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó fi há abíyá. "Ó yá, ká lọ sílé."

Lóṣù tó kọjá, mo rí ìwé náà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ó ti fi bírò búlúù kọ "èmi nìyí" sí ẹ̀gbẹ́ ìlà mẹ́ta. Mẹ́ta péré kẹ̀? Mo ti ń wá bírò pupa mi kiri kí n tó rántí ara mi.