Bí Bàbá Ìdajì Ṣe Dúnàádúrà Iṣẹ́ Ọjọ́

Ẹni tó bá mọ Bàbá Ìdajì á ti gbọ́ ìtàn àwọn ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Ilé ìfọṣọ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun, ọ̀gá bá dá àwọn ọkùnrin tó ń lọ aṣọ padà sí iṣẹ́ ìdajì ọjọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ni bàbá lọ lára gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbẹ́ òsì hunjọ bí ojú arúgbó.

"Kí lẹ ṣe yìí?" ni ọ̀gá pariwo.

"Ìdajì owó, ìdajì aṣọ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká dúnàádúrà, mo lè fi kọ́là kún un."

Ìyàwó rẹ̀ ní tiẹ̀ ti ń fi ìdajì ọjọ́ gba aṣọ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tipẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀gá ní kó wá máa ṣe odindi ọjọ́, torí òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń tu ẹni tínú ń bí nínú. Irú wọn sì ti pọ̀ gan-an níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló pèsè wọn.

Ìyàwó fẹ́ iṣẹ́ náà bí ojú. Ẹnu ayé ló ń bà á lẹ́rù. Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ ṣe gbọ́ báyìí, ó dé.

"Obìnrin kì í ṣiṣẹ́ ju ọkọ lọ. Kó kọ̀ ọ́!"

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n," ni Bàbá Ìdajì fèsì. "Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un?"

Ẹ̀gbọ́n wo ìyàwó àbúrò rẹ̀ tó ń gé àlùbọ́sà, ó dé fìlà, ó ní òun gbé nǹkan kaná nílé. Ẹni tí ò mọ ibi tí wọ́n ń kó ìkòkò sí!

"Iṣẹ́ ilé wá ńkọ́?" ni ìyàwó bi ọkọ rẹ̀.

"Màá ṣe é. Àmọ́ ìdajì ọjọ́ ni o."

"Èmi tí mo ti ń ṣe é bọ̀, odindi ọjọ́ ni."

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí."

Ẹnikẹ́ni ò borí Bàbá Ìdajì nídìí ìdúnàádúrà rí. Ó dìde, ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. "Lọ sọ fún wọn pé o gbà." Ojú rẹ̀ ń ṣomi. Ó ní àlùbọ́sà ni.

Kò pẹ́ tó fi sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá ilé ìdáná, tó ń bèèrè ìsinmi ọlọ́dọọdún. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi í ṣẹ̀sín pé ìyàwó ló ń bọ́ ọ.

"Irọ́ ni! Èmi ni mò ń bọ́ ọ. Ẹ ò rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ni?"

Nírọ̀lẹ́, á dúró ní ìkóríta, á gba báàgì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Tí wọ́n bá bi í, á ní atẹ́gùn lòun ń gbà.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìyàwó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó dúró ní ìkóríta náà pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ó dúró pẹ́.

"Ẹ gbà mí o," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. "Kò sí atẹ́gùn kankan níbí."