Ẹ Da Orin Yín Sínú Abọ́ Yìí

Ọjọ́ tí Bàbá Àkànní gbé abọ́ òfìfo lọ sí ọ́fíìsì àwọn onífóònù kò ní í parẹ́ lọ́jà Ekiosa ní Bìní. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ti sọ ọ́ títí wọ́n fi gbà pé àwọn wà níbẹ̀. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, ẹnu Sùlè oníkẹ́ẹ̀gì ni mo ti gbọ́ ọ. Ìsọ̀ Sùlè ló kángun sí ti Bàbá, Sùlè kì í sì í fi ata àti iyọ̀ sí ọ̀rọ̀.

Ọdún 2010 ni. Bàbá wọ bàtà tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó yọ abọ́ tánganran funfun kan tó ní etí búlúù nínú ọjà tó ń tà, ó nù ún, ó gbé e sábẹ́ apá. Ó dé ọ́fíìsì, ó tò sórí ìlà bí ọmọlúàbí. Nígbà tó kàn án, ó gbé abọ́ náà síwájú ọmọbìnrin tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ da orin yín sínú abọ́ yìí."

Èyítọ́pẹ́ ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Ọmọ Yorùbá ni, àmọ́ Bìní ni wọ́n bí i sí. Ó ń gbọ́ èdè baba rẹ̀ yékéyéké, ẹnu rẹ̀ ni kì í bá a lọ.

"Papa, which song?"

"Èyí tí ẹ gbé sínú fóònù mi nígbà tí mi ò sí nílé."

Èyítọ́pẹ́ gba fóònù, ó wo nọ́ńbà rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Lóòótọ́, ilé-iṣẹ́ wọn ti fi orin kan sí i lórí: ẹni tó bá ti pe Bàbá, dípò kurúù-kurúù, orin náà ni yóò máa gbọ́ títí Bàbá yóò fi gbé e.

"Papa, na free. Na gift. Dem give plenty people."

"Kí ni mo rà lọ́wọ́ yín tí ẹ fi fún mi ní èènì?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Bàbá ṣáà tẹ STOP ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan, orin náà yóò lọ. Bàbá ní òun kò fi tẹ́ẹ̀sì pè é wá, òun kò sì ní fi tẹ́ẹ̀sì lé e lọ. Ẹni tó bá gbé ẹrù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà òun ni yóò wá gbé e. Ló bá lọ jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé abọ́ lé itan. Kò pẹ́, oníbàárà kan tó ń jáde lọ ju ogún náírà sínú abọ́ náà. Bàbá dìde, ó sáré lé e dé títì, ó dá a padà sí i lọ́wọ́. Ó ní, "Mi ò tọrọ. Gbígbà ni mo ní kí wọ́n wá gba nǹkan wọn."

Ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ lórí àga yẹn ná, torí ẹ ò tíì mọ irú ẹni tó jókòó síbẹ̀.

Bàbá Àkànní kì í gba èènì tí kò bá fẹnu ara rẹ̀ bèèrè. Bí ìyá onígààrí bá wọn gààrí fún un tán, tó bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, Bàbá yóò ní kó kọ́kọ́ bù ú kúrò. Ìyá yóò bù ú kúrò. Ìgbà náà ni Bàbá yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ fún èènì. Yóò ná an, yóò fi orúkọ àwọn ọmọ ìyá náà pè é lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò bi í léèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, títí ìyá náà yóò fi bu ẹ̀kúnwọ́ méjì lé e. Ó ní èènì tí ènìyàn bá bèèrè, èènì ọ̀hún mọ ohun tó ń wá ṣe nílé òun. Èyí tó bá dédé wọlé, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò jókòó sí.

Kò sí ohun tí kì í ná. Pásítọ̀ wọn kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nígbà kan. Bàbá dúró dè é lẹ́yìn ìsìn, ó pe ọjọ́ kan. Wọ́n parí rẹ̀ sí méjì.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fún un ní nǹkan láìbèèrè, ìyẹn Títíloyè ìyàwó rẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó oúnjẹ ní ìsọ̀ lọ́sàn-án, Títíloyè á mú ẹran inú abọ́ tirẹ̀, á fi sí ti ọkọ rẹ̀. Bàbá á ní, "Títíloyè, mélòó ni?" Ìyàwó á ní, "Ẹ jẹ ẹ́ kí n rí abọ́ fọ̀." Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi sọ gbólóhùn méjèèjì yìí, kò sì sú wọn.

Nínú ọyẹ́ ọdún yẹn kan náà ni Títíloyè ṣubú sáàárín àwọn abọ́. Kò pariwo. Ó kàn rọra wó lulẹ̀ ni, abọ́ ló pariwo. Sùlè sáré lọ dá takisí dúró. Awakọ̀ náà wo obìnrin tó wà nílẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ó pe owó tí wọn kì í pè láti Ekiosa dé Kánò. Gbogbo ìlà wa ń retí kí Bàbá ya ẹnu. Bàbá ti wọlé, ó ti gbé orí ìyàwó rẹ̀ lé itan. Ó ní, "Máa wa á lọ."

Sùlè bá wọn lọ. Ó ní àwọn dókítà ṣe gbogbo ohun tó wà ní agbára wọn, àmọ́ ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá Títíloyè.

Ẹnu ayé lẹbọ. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí àwọn kan ní ìsàlẹ̀ ọjà fi ń sọ pé ibi tí Bàbá Àkànní ti ń ná owó takisí ni ẹ̀mí ti bọ́ lára ìyàwó rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n díẹ̀ kò lè ṣe kó má gbà á gbọ́. Ó dé etí Bàbá náà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn bi Sùlè léèrè pé, "Ṣé kò ní í dé etí Ìtùnú?"

Ìtùnú ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Kánò ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó wá sìnkú ìyá rẹ̀, ó padà. Kí ó tó lọ, ó ṣèlérí pé gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lòun yóò máa pe bàbá òun. Ó pè ní Ìsinmi àkọ́kọ́. Ó pè ní èkejì. Ní ẹ̀kẹta, fóònù dún lẹ́ẹ̀kan, ó gé kí Bàbá tó gbé e. Láti ìgbà náà kò pè mọ́. Bí Bàbá bá pè é, kò ní í gbé e.

Bàbá wá jókòó ti Sùlè, ó ní, "Ó ti gbọ́." Kò nájà fún ọjọ́ mẹ́ta. Iye tí oníbàárà bá pè ló ń gbà. Ẹ̀rù bà wá gidigidi.

Ní gbogbo àkókò yìí, nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ tí Bàbá kò mọ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó tìfura-tìfura. Opó méjì nínú ìjọ wọn ń kí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀kan gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wá sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ní ọkùnrin kò gbọ́dọ̀ máa dá jẹun. Bàbá ṣí ìkòkò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Mélòó lẹ ń ta ọbẹ̀ náà?" Obìnrin náà dé ìkòkò rẹ̀, ó gbé e lọ, kò sì kí i mọ́ títí Bàbá fi kú.

Sùlè ni kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ṣé ẹ fẹ́ fẹ́yàwó ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Orin tí ẹ fi sórí fóònù yín ni."

"Orin wo?"

Sùlè tẹ nọ́ńbà Bàbá lórí fóònù tirẹ̀, ó gbé e fún un. Bàbá fi sétí. Obìnrin kan ń kọrin níbẹ̀ pẹ̀lú ìlù líle, ó ń sọ pé kí gbogbo ayé gbọ́n ìdí, pé àríyá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Fóònù Bàbá sì ń dún nínú àpò rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó fi sí etí kejì. Ó ní, "Ta nìyí?" Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń bi í pé ta nìyí. Àwa tí a wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni pé àwa la mọ orin náà, ẹni tó ni fóònù nìkan ni kò gbọ́ ọ rí.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó gé e, ó tún un pè, ó tẹ́tí sí i títí orin náà fi parí.

"Sùlè, ṣé ohun tí ọmọ mi gbọ́ nìyí?"

Sùlè ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

"Ìyá rẹ̀ ò tíì lo oṣù méjì nínú ilẹ̀."

Ọjọ́ kejì ló wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, tó gbé abọ́. Sùlè tẹ̀ lé e, ó ní òun kò lè jẹ́ kó dá lọ.

Ó ń sún mọ́ àkókò tí wọ́n ń tilẹ̀kùn nígbà tí Èyítọ́pẹ́ kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, tó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá.

"Papa, abeg, go house. Tomorrow dey."

"Ọmọ mi, ìyàwó mi ló kú. Ọmọ tí mo bí pè mí ká lè jọ sunkún, ijó ló bá lẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹ da èènì sínú abọ́ mi nígbà tí mo dojú bolẹ̀. Ẹ bù ú kúrò."

Èyítọ́pẹ́ kò sọ̀rọ̀ tẹ́ẹ̀sì mọ́. Ó gbé fóònù Bàbá wọlé. Nígbà tó padà, ó fi fóònù tirẹ̀ pe Bàbá, ó sì gbé e fún un kó gbọ́ ọ. Kurúù. Kurúù. Kò sí orin.

Bàbá ní kó bá òun pe Kánò kó tó gbà á padà. Ìtùnú gbé e, torí kò mọ nọ́ńbà náà.

"Hello, who be this?"

"Èmi ni. Má gé e. Jọ̀ọ́, pè mí lórí fóònù mi nísinsìnyí."

Ó gbé fóònù tirẹ̀ sínú abọ́ tánganran náà, gbogbo wọn dúró. Ó pẹ́ kó tó dún. Nígbà tó dún, abọ́ náà gbé ohùn rẹ̀ sókè dé òpin ọ́fíìsì. Bàbá kò fọwọ́ kàn án.

"Papa, pick am now."

"Jẹ́ kó dún. Kó gbọ́ ọ dáadáa."

Ó kù díẹ̀ kó dákẹ́ ni Bàbá gbé e. Kò kí ọmọ rẹ̀, kò ṣàlàyé orin. Ó ní, "Ìtùnú, mi ò ná owó takisí náà. Èmi pẹ̀lú Sùlè la jọ wà níbẹ̀. Mi ò ná an."

"Daddy, which taxi?"

Ọmọ kò gbọ́ nǹkan kan rí. Orin ló ń bínú sí.  Bàbá gbé fóònù fún Sùlè, ó fi abọ́ bojú.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó fi abọ́ náà ta Èyítọ́pẹ́ lọ́rẹ. Èyítọ́pẹ́ bi í pé ṣé ọ̀fẹ́ ni. Bàbá ní kò sí ọ̀fẹ́, kí òun náà mú nǹkan wá. Ọmọ náà fún un ní bíró kan. Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní abọ́ òun kò jọ abọ́ bíró kan. Bíró méjì ló gbé dé ilé.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Bàbá Àkànní tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀, ní wọ́ọ́rọ́wọ́ bíi tirẹ̀. Kò sí Ìsinmi kankan nínú ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Ìtùnú kò pè. Ó dé láti Kánò, ó sì ń tọ́jú fóònù bàbá rẹ̀, torí àwọn tó ń béèrè ètò ìsìnkú, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè. Sùlè pè é láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ọkùnrin kan ló gbọ́ tó ń kọrin, tó ní kí gbogbo wa nawọ́ sókè ká sọ pé fàájì dé. Àwọn onífóònù ti tún ta Bàbá lọ́rẹ.

Sùlè rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sáàárín kẹ́ẹ̀gì. Gbogbo ìlà wa ló pe nọ́ńbà náà lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó bá gbọ́ ọ tán á rẹ́rìn-ín, á sì fi aṣọ nu ojú. A mọ ohun tí Bàbá ìbá ṣe. Kò sí ẹni tí yóò ṣe é, ohun tó dùn wá níbẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìsìnkú, Ìtùnú wá sí ìsọ̀. Ó wá inú ọjà bàbá rẹ̀ títí ó fi rí abọ́ funfun kan tó ní etí búlúù. Ó nù ún. Sùlè ti ìsọ̀ rẹ̀, ó tẹ̀lé e láìbi í léèrè ibi tó ń lọ.

Èyítọ́pẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Abọ́ ọjọ́sí wà lórí tábìlì rẹ̀, bíró ló kún inú rẹ̀. Ìtùnú gbé tirẹ̀ síwájú rẹ̀, ó gbé fóònù bàbá rẹ̀ sínú rẹ̀. Láti kékeré Ìtùnú, Sùlè kò gbọ́ kí ó fi Yorùbá sọ gbólóhùn kan parí rí.

"Ẹ da orin yín sínú abọ́ yìí."

Èyítọ́pẹ́ wo abọ́, ó wo ojú ẹni tó gbé e wá. "Papa ńkọ́?"

Ìtùnú mi orí. Èyítọ́pẹ́ mú fóònù náà, ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì rọra dá a padà sínú abọ́. Ìtùnú yọ fóònù tirẹ̀, ó pe bàbá rẹ̀, ó fi sétí. Kurúù. Kurúù. Abọ́ náà gbé e sókè, gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà yíjú wò wọ́n. Èyítọ́pẹ́ nawọ́ kí ó pa á.

Ìtùnú dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó dún."

Wọ́n jẹ́ kó dún títí ó fi dákẹ́ fúnra rẹ̀.