Bátìrì Tí Mítà Ní Ó Kún

Obìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, wáyà ni ó ń fà sínú ilé fún àwọn tó ń kọ́lé. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ oníṣẹ́ páìpù, ibi iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń wà. Nínú àpótí irinṣẹ́ obìnrin náà ni ọkọ̀ ìṣeré kan wà, èyí tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí, tí kò gùn ju bàtà àgbàlagbà lọ. Yóò so okùn mọ́ ìdí rẹ̀, yóò rán an gba inú páìpù tàbí òkè àjà, níbi tí ọwọ́ kò lè dé.

Àríyànjiyàn kan ṣoṣo ló wà láàárín tọkọtaya yìí tí kì í tán. Fóòtì 7.4 ni wọ́n kọ sára bátìrì ọkọ̀ náà. Ọkọ gbà pé bí mítà tí wọ́n fi ń wọn iná bá ti ka 7.4, ó kún nìyẹn. Àbí kí ni wọ́n kọ ọ́ sí i fún? Ìyàwó ní rárá. Bátìrì mẹ́ta ló ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ó tó mọ̀ pé orúkọ lásán ni 7.4 ń jẹ́. Sẹ́ẹ̀lì méjì ló wà nínú rẹ̀, bí wọ́n bá sì yó, 8.4 ni mítà ń kà. Bí o bá rí 7.4, ìsàlẹ̀ ìkòkò lò ń ha yẹn. Ọkọ á rẹ́rìn-ín, á pè é ní Ìyá Fóòtì, á ní ẹni tí kò rí ilé ìwé lọ ló ń ṣàlàyé bátìrì fún àwọn tó ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ yá ọkọ̀ náà, ó fi fa okùn gba páìpù mẹ́rin, ó sì dá a padà pé iná ṣì kún inú rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ẹ̀gbẹ́ kòtò tí ọkọ ń ri páìpù sí já, tó sì sé e mọ́ inú ihò tó wà ní òpin páìpù karùn-ún. Erùpẹ̀ bò ó dé ìbàdí, pákó àti iyanrìn sì dí òkè ihò. Bí wọ́n ti ń wà á ni òmíràn ń já lé e. Ọ̀gá bíríkìlà ní àfi kí wọ́n máa fi pákó gbé ẹ̀gbẹ́ kòtò ró díẹ̀díẹ̀, ìyẹn á sì di ìrọ̀lẹ́. Afẹ́fẹ́ inú ihò náà kò lè tó dìrọ̀lẹ́. Páìpù yẹn nìkan ló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ogójì ìṣísẹ̀, pẹ̀lú ẹrẹ̀ nínú àti igun kan láàárín. Wọ́n ti rọ́bà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà wọ inú rẹ̀, igun dá a padà. Ó wá ku kí ọkọ̀ ìṣeré gbé okùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí òun náà fa okùn, kí okùn fa rọ́bà.

Láti inú ihò, ọkọ ń fi sípánà kan páìpù: kó, kó, kó.

Ọ̀gá bíríkìlà fi mítà kan bátìrì. 7.4. Ó ní ó kún. Àbúrò ọkọ, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ páìpù, ti gbé ọkọ̀ dé ẹnu páìpù.

“Ọkọ mi, gbé e sílẹ̀,” ni obìnrin náà wí fún un. “Kò ní kọjá igun. Bó bá kú síbẹ̀, òun gan-an ni yóò dí ihò kan ṣoṣo tá a ní.”

Ó ní kí wọ́n fún òun ní ogójì ìṣẹ́jú kí òun fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì rẹ̀.

“Ìyàwó, ẹ̀gbọ́n mi ń kú lọ, nọ́ńbà lò ń kà fún wa?”

Àbúrò ọkọ fa bátìrì fìtílà jáde nínú àpótí, fóòtì 11.1, ó ní èyí lágbára jù, kí wọ́n fi sí i. Obìnrin náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní sẹ́ẹ̀lì méjì ni wọ́n ṣe inú ọkọ̀ náà fún. Mẹ́ta ló wà nínú èyí, ẹ̀kẹta yóò jó o kí ó tó gbéra. Ó so bátìrì rẹ̀ mọ́ ṣájà, ó sì jókòó lé wáyà náà kí ẹnikẹ́ni má fà á yọ.

7.6. Kó, kó, kó. 7.8. Kó, kó.

Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lẹ́jọ́. Ta ló kọ́ ọ? Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ló ń jàre látẹ̀yìn wá ńkọ́, tó sì jẹ́ pé orí-kunkun ni òun jókòó lé? Àbúrò ọkọ kọ ẹ̀yìn sí i. Ó gbé orí lé páìpù, ó ń fetí sílẹ̀.

Nígbà tí ó di ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kíkàn náà dákẹ́. Mítà ka 8.1. Kò tíì yó, ṣùgbọ́n obìnrin náà yọ ọ́, ó fi í sínú ọkọ̀.

Ọkọ̀ wọ páìpù, okùn ń tẹ̀lé e. Ní igun, okùn dúró. Obìnrin náà fi rìmóòtù fa ọkọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ó yí i, ó tún tì í. Okùn dúró. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Okùn rọra gbéra, ó ń lọ, títí tí kókó tó ta sí ogójì ìṣísẹ̀ fi wọ ẹnu páìpù. Ọkọ̀ ti dé. Kò sí ẹni tó fa okùn lódìkejì.

Obìnrin náà dojú bolẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó fi ẹnu sí páìpù.

“Baálé mi, mo ti ṣáàjì rẹ̀. Fà á.”

Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà okùn rìn ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ó tún rìn. Rọ́bà tẹ̀lé e wọ páìpù, àbúrò ọkọ sì sáré lọ tan ẹ̀rọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó gbé e jáde, okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò gbé e mọ́ láti ọjọ́ náà. Ilé ló ń jókòó sí báyìí, òun ló sì ń ṣáàjì bátìrì ìyàwó rẹ̀. Bí mítà bá ka 8.4, á ké láti inú yàrá pé, “Ìyá Fóòtì, ó ti yó o.” Obìnrin náà á kí i pé ó ṣeun, á sì tún un kà fúnra rẹ̀ kí ó tó gbé e sínú àpótí.