Ọ̀pẹ Ìyá Mi Lẹ́nu Géètì Ṣọ́ọ̀ṣì

Títí di òní, bí mo bá rí ẹni tó mú àdá dání tó ń wo orí ọ̀pẹ ọ̀ṣọ́, inú máa ń bí mi. Kì í ṣe ọ̀pẹ oko ni mò ń wí o. Ìyẹn ní iṣẹ́ epo tó ń ṣe. Àwọn tí àwọn ìyá ìjọ wa ní Ìlútítun gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì, láti títì dé ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ni mò ń sọ. Ẹnikẹ́ni kì í kọ ẹyìn wọn. Ìyàwó tuntun ni wọ́n wà fún, kó lè rìn kọjá lábẹ́ òjìji. Ìyá kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ti ìyá mi ló wà lẹ́nu géètì gan-an, bó bá sì ń kọjá lọ sọ́jà láàárọ̀, á fọwọ́ kàn án, á ní, "Ṣé o jí ire?"

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí mo gboyè nínú ẹ̀kọ́ irúgbìn ní yunifásítì, tí mo padà wálé láti máa kọ́ àwọn ọmọ girama. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa. Bí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ni mo rí i pé ara ọ̀pẹ ìyá mi ò yá. Màrìwò àárín orí rẹ̀, tó yẹ kó dúró ṣánṣán, ti gbẹ, ó sì ti tẹ̀. Mo gbé àkàbà ṣọ́ọ̀ṣì, mo gùn ún, mo fa màrìwò náà. Ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn yọ ṣíbí nínú ẹ̀kọ. Òórùn ìdí rẹ̀ burú ju ti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi fún púpurú tí wọ́n sì gbàgbé.

Mo kó ẹjọ́ mi lọ bá àwọn bàbá ìjọ, a sì pàdé lábẹ́ àwọn ọ̀pẹ náà.

Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní kí àwọn ọ̀dọ́ máa gé màrìwò níbí fún Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ lọ́dọọdún? Igbó kún fún ọ̀pẹ títí dé Ìjù-Odò, ọ̀lẹ ni ò jẹ́ kí wọ́n lọ. Ọ̀pẹ ò ní orí méjì. Ibi tí màrìwò ti ń yọ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Wọ́n ṣá a lọ́gbẹ́ níbẹ̀, omi wọlé, ó jẹrà. Àdá tí wọ́n fi gé èyí tó jẹrà ni wọ́n tún fi ń gé èyí tára rẹ̀ le, wọn ò sì fi iná kàn án. Ọ̀pẹ tó kọjú sí kànga, pàǹtí lẹ ń sun nídìí rẹ̀, ẹ wá ń bèèrè ohun tó mú ewé rẹ̀ pọ́n. Ẹ sì wo ti ẹ̀gbẹ́ yàrá alùfáà: olú tó le bí pákó ti yọ nídìí rẹ̀. Kí olú yẹn tó yọjú, inú ọ̀pẹ ti bàjẹ́ tán. Ìyẹn nìkan ni kò ní àtúnṣe."

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tó ń pọn ògógóró, ti jókòó síbẹ̀, àáké rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, bí ọ̀pẹ bá ti ń ṣàìsàn, wọ́n á wó o lulẹ̀, wọ́n á máa dá ẹmu rẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí títí yóò fi gbẹ, wọ́n á sì fi ẹmu náà pọn ọtí. Aláìsàn ò tíì kú, wọ́n ti ń fọ agbè.

Ó yíjú sí ìyá mi tó dúró tì mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí tiyín kú lásán."

Ìyá mi ní, "Bí ara tìrẹ náà ò bá yá, ṣé kí n gbé agbè wá?"

Àwọn bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dájọ́. Kí wọ́n wó ti olú. Ti ẹnu géètì, bí kò bá yọ màrìwò gidi kó tó di Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ tó ń bọ̀, kí àáké wọ̀ ọ́.

Wọ́n wó ti olú. Inú rẹ̀ ti dà bí ilé ikán, ẹmu tó sun ò tó nǹkan. Ìyá mi bojú wo inú agbè àbúrò rẹ̀, ó ní, "Olú ti mu tirẹ̀ kó tó kàn ọ́."

Èmi gun ọ̀pẹ ìyá mi, mo fi ọ̀bẹ tí mo ti fi iná kàn ha gbogbo ibi tó jẹrà kúrò títí mo fi kan funfun, mo da eérú sí i, mo sì fi páànù bò ó nítorí òjò. Gbogbo ìlú ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a dé ọ̀pẹ ní fìlà. Inú bí mi. Ìyá mi ní tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀pẹ tó dé fìlà ń lọ sóde ni, kò lọ sí ibojì.

Nígbà ọyẹ́, ewé kan yọ, kúkúrú, ó rún bí aṣọ tí ewúrẹ́ jẹ.

Àbúrò ìyá mi wò ó. "Ṣé ewé náà nìyẹn?"

"Báyìí gan-an lo rí lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ," ni ìyá mi dá a lóhùn.

Òmíràn tẹ̀ lé e, ó gùn díẹ̀ sí i. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀, màrìwò kan ti dúró ṣánṣán lórí ọ̀pẹ náà, ó ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi epo pa á. Ìyá mi jó yí i ká ní ojúmọmọ, èmi tí mo kàwé sì gbe orin.

Ẹ wá gbọ́ ìwà ìbàjẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ku ọ̀la, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ dé pẹ̀lú àdá. Wọ́n ní kò sí màrìwò tó dára tó yẹn ní gbogbo ìlú. Mo bínú débi pé gbogbo èdè tí mo kọ́ ní yunifásítì dà pọ̀ mọ́ra wọn. Ìyá mi ò bá wọn jà. Ó lọ gbé àga rẹ̀ wá, ó jókòó sídìí ọ̀pẹ, ó ń bó ẹ̀gúsí. Àbúrò rẹ̀ tún gbé àga tirẹ̀ tì í.

Àbúrò rẹ̀ yìí ló sọ fún àwọn ọ̀dọ́ náà pé, "Ẹ lọ sóko mi, ẹ gé èyí tó wù yín. Èyí ti dé fìlà, àgbà ni."

Lọ́jọ́ kejì, a gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, a ń kọrin, a ń gbé imọ̀ ọ̀pẹ oko sókè. Àbúrò ìyá mi rọra tẹ̀ síwájú, ó bi ìyá mi ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ara ọ̀pẹ yìí ò bá tún yá lọ́jọ́ kan ńkọ́?"

Ìyá mi ò dá orin dúró. Ó kàn fi imọ̀ ọwọ́ rẹ̀ gbá a lórí.