Orí Ilẹ̀kùn Ilé Ìdáná Ni A Ti Wẹ Malvina

Ẹ̀yin ọmọ Velnitsa tó wà ní Haifa, ní Antwerp, ní Montreal àti níbikíbi tí ìwé ìròyìn ìlú wa bá ti bá yín, mo kí yín. Noemi, ọmọ ọmọ mi, ti bí ọkùnrin. Ilie ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ọkọ mi tó ti sùn, etí ńláńlá bàbá àgbà sì ni ọmọ náà gbé wá sáyé. Marcel àbúrò rẹ̀ ti gbéyàwó. Dókítà eyín ni ọmọbìnrin náà, nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹnu mi ti pọ̀ jù, ẹ múra, wọ́n fẹ́ tún un ṣe. Adela, ọmọ Ghizela ọ̀rẹ́ mi, ti fẹ́ ọkọ kejì. Ìyá rẹ̀ ní ti àkọ́kọ́, ìdánwò ni.

Ìròyìn ayọ̀ parí síbẹ̀. Malvina kú.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, nínú oṣù Keje. Ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó ń fi ìkótí yọ kóró èso ṣẹ́rì tó fẹ́ fi se jáàmù, ó sì gbé orí lé tábìlì bí ẹni tó fẹ́ sinmi díẹ̀. Ẹ óò ní arúgbó ni, ó tó àkókò. Arúgbó ni lóòótọ́. Ikú rẹ̀ kọ́ ló ń pa mí lẹ́kún láti ìgbà náà. Ohun tí wọ́n fi ojú òkú rẹ̀ rí ni.

Èmi àti Malvina la jọ kàwé. Ogun ti jẹ àwọn ọdún tó yẹ ká fi wà nílé ìwé, a sì ti di abiyamọ ká tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé-ẹ̀kọ́ àgbà, nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ. Bí mo bá ń tòògbé, yóò fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó kọ láìṣì ni Leia, orúkọ ìyá rẹ̀. Ó kọ ọ́ tán, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì fi apá aṣọ rẹ̀ nù ún kúrò kí olùkọ́ má bàa rí i.

Leia kú lójú ọ̀nà, ní òdìkejì odò Dniester, nígbà ogun, tí àwọn ọmọ ogun ń da àwa Júù lọ bí ẹran. Inú ẹrẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Kò rí omi, kò rí aṣọ funfun, kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀ sí i létí. Malvina, ọmọ kékeré, ló dúró tì í, títí tí wọ́n fi nà án kó tó rìn. Nígbà tó dàgbà, ó bá èmi àti Ghizela wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń wẹ òkú, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Obìnrin tí ìyá tirẹ̀ kò rí omi ló wẹ ìyá gbogbo yín.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ọwọ́ rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ mú kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní òkú lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òun mọ̀ ọ́n. Kì í jẹ́ kí a na nǹkan kan kọjá lórí òkú. Bí o bá fẹ́ gba kọ́ọ̀mù, o gbọ́dọ̀ rìn yípo wá gbà á. Bí a bá parí, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò pe òkú náà àti orúkọ òbí rẹ̀, yóò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ọwọ́ wa ti le jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ìyá ta ni nínú yín tí kò gba abẹ́ ọwọ́ yẹn kọjá?

Ẹ mọ ilé ìwẹ̀kú wa tó wà lẹ́nu ọ̀nà itẹ́ òkú, èyí tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò láti ayé ọba. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, owó dé láti Yúróòpù, àjọ kan tó ń rí sí àjogúnbá sì tún un ṣe. Òrùlé tuntun, ọ̀dà tuntun, iná tó ń tàn láti inú ilẹ̀. Ẹ̀yin náà dáwó sí òrùlé yẹn, a sì dúpẹ́. A yan kéèkì. A sunkún ayọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣètò ilé náà, Ọ̀gbẹ́ni Tudose, ọ̀gá wọn, béèrè lọ́wọ́ Malvina lójú gbogbo wa bóyá àwọn ìyá ṣì ń lo pákó tí a ń tẹ́ òkú lé lórí láti wẹ̀ ẹ́. Kí lẹ rò pé yóò dáhùn? Ta ni nínú wa tí wọ́n á bi léèrè pé ṣé ó ṣì máa lo pákó òkú, tí yóò la ẹnu sọ pé bẹ́ẹ̀ ni? Ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ìyá mi ìbá ti ṣe, bí ìyá yín ìbá ti ṣe, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká tún lò ó mọ́. Gbogbo wa ṣe àmín. Àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn gbọ́ àdúrà, wọ́n sì kà á sí ìròyìn. Wọ́n ní àṣà náà ti parí. Wọ́n hú páìpù omi kúrò, wọ́n na okùn pupa yí pákó náà ká. Ọlọ́run sì fi ọdún mẹ́ta gbọ́ àdúrà Malvina: kò sí obìnrin kankan tó kú nínú wa. A ti kéré tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pè é wá sí ilé náà, kó wá sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ ni, kó wá ya fọ́tò, kó ṣàlàyé fún àlejò bí wọ́n ti máa ń ṣe é láyé àtijọ́. Ó máa ń rẹ́rìn-ín bọ̀ wálé pé òun ti di ará ayé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ òun ṣì jẹ gbèsè ẹyin lọ́dọ̀ aládùúgbò.

Ọjọ́ Ẹtì la gbé e lọ, nítorí ó gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ kí Sábáàtì tó wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọkọ̀ búrẹ́dì ọmọ ẹ̀gbọ́n Ghizela la fi gbé e. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, bọ́ọ̀sì ńlá kan ti wà níbẹ̀, àwọn àlejò sì ti kún inú ilé.

Ọ̀gbẹ́ni Tudose jáde sí wa. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ibẹ̀ gan-an ló ti dùn mí jù. Ó ṣí fìlà, ó kẹ́dùn, omi tilẹ̀ lé sí i lójú. Ó wá ṣàlàyé pé ilẹ̀ ilé náà kò gbọ́dọ̀ rí omi mọ́, pé pákó yẹn ti di ohun ìṣúra gbogbo Yúróòpù, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, àní òun fúnra òun.

“Ẹ má bínú, Ìyá,” ló wí. “Ìyá Malvina fúnra wọn ló sọ fún wa pé ẹ ò lò ó mọ́.”

Ghizela wò ó títí. “Àdúrà ló ń gbà, ọmọ mi. Bí mo bá gbàdúrà pé kí ilé rẹ má jó, ṣé wàá lọ da omi àwọn panápaná nù ni?”

Bí a ti dúró síbẹ̀ ni ohùn kan jáde láti inú ilé, láti inú àpótí ohùn tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri. Ohùn Malvina ni. Ó ń sọ fún àwọn àlejò pé kí omi má dá. Kí wọ́n máa dà á ní korobá kan tẹ̀lé òmíràn bí ẹni tó ń wẹ ayaba. Àwọn àlejò tẹ orí ba, wọ́n ń gbọ́ ọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó mọ̀ pé ẹni tó ni ohùn yẹn wà lẹ́yìn wọn nínú ọkọ̀ búrẹ́dì, nínú oòrùn, tó ń dúró de omi.

Mo ti sunkún púpọ̀ láyé mi. N kò tíì gbọ́ ohun tó gún mi lọ́kàn bí èyí.

Ẹ̀yin àjọ àjogúnbá, ẹ sọ fún mi, kí ni ẹ ń pè ní àjogúnbá? Ṣé pákó ni, tàbí ẹni tí a fẹ́ tẹ́ sórí rẹ̀? A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ẹ fi gíláàsì bo kọ́ọ̀mù, ta ni yóò ya irun wa? Ẹ kọ ọ́ sára ògiri pé ìran wa ti gbé ìlú yìí rí, nígbà tí àwa tí a ṣì ń gbé e dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ ní kí a rọra má ṣe dí àlejò lọ́wọ́.

Orí ilẹ̀kùn ilé ìdáná Ghizela ni a ti wẹ̀ ẹ́. A yọ ilẹ̀kùn náà, a gbé e lé àpótí méjì nínú yàrá ìfọṣọ. Àmì tí wọ́n fi ń wọn gíga Adela nígbà èwe ṣì wà létí rẹ̀. Àwa arúgbó méjì péré la jọ ń gbé korobá. Korobá kejì wúwo jù fún mi, omi dá lọ́wọ́ mi. Bí omi bá dá, a gbọ́dọ̀ tún un bẹ̀rẹ̀; a tún pọn òmíràn, a sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a wọ aṣọ funfun fún un tán, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní, “Malvina ọmọ Leia, dárí jì wá.” Ghizela fi kún un pé, “Dárí jì wá nítorí ilẹ̀kùn yìí. Mo ti fọ̀ ọ́ dáadáa.”

Ẹ mọ̀ pé ọkùnrin Júù mẹ́wàá ló gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó lè gbàdúrà lẹ́nu sàréè. Mẹ́fà la rí kójọ. Ghizela bá padà lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó gun bọ́ọ̀sì àwọn àlejò, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀.

“Nígbà tí wọ́n gun ọkọ̀ kẹ́yìn nílùú yìí tí wọ́n béèrè ta ni Júù,” ló wí fún wọn, “kì í ṣe fún ire. Lónìí, ire ni. Mo fẹ́ ọkùnrin mẹ́rin.”

Mẹ́rin dìde. Ọ̀kan wọ ṣòkòtò péńpé, ó sì fi ìborùn Ghizela wé orúnkún rẹ̀ lọ sí ẹnu sàréè. Àjèjì ni wọ́n, wọ́n sì ṣe ohun tí ilé olówó yẹn kò lè ṣe. Ọlọ́run yóò san án fún wọn.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kàn yín. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà, nítorí náà èmi náà mọ ibi tí òkò mi fẹ́ bọ́ sí. Ẹ dáwó sí òrùlé, ẹ ṣeun. Ta ni nínú yín tó béèrè pé ta ló kù lábẹ́ rẹ̀? Ẹ wá lọ́dún tó kọjá, ẹ ya fọ́tò pákó náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín. Ṣé ẹ̀yin náà kò rí i pé kò sí ẹnu ẹ̀rọ omi níbẹ̀ mọ́?

Mo ń béèrè lọ́wọ́ àjọ àjogúnbá yẹn ní gbangba: ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n hú páìpù? Kó kọ orúkọ rẹ̀ síbí, nínú ìwé ìròyìn yìí, kó sì dá wa lóhùn. Kó má sọ pé ìgbìmọ̀ ni. Ìgbìmọ̀ kì í mú kọ́kọ́rọ́ dání. Mo ń béèrè pé kí wọ́n dá omi padà sínú ilé ìwẹ̀kú, kí wọ́n tú okùn pupa yẹn, kí ọjọ́ tí òkú bá dé ẹnu ọ̀nà jẹ́ ọjọ́ tí àlejò yóò dúró níta. Ohun tí a ń bọ̀wọ̀ fún kò ní bàjẹ́ nítorí pé a lò ó fún iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é.

Lọ́dọ̀ ẹ̀yin, ọmọbìnrin méjì ni mo ń béèrè. Kí wọ́n wá kí òtútù tó dé, kí a kọ́ wọn nígbà tí ọwọ́ wa ṣì lè gbé korobá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tuntun ni kò sí lọ́jà wa. Èmi àti Ghizela ló kù. Ọ̀kan nínú wa yóò wẹ èkejì. Ta ni yóò wẹ ẹni tó bá kù?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi owó tó wà nínú lẹ́tà yìí ra òdòdó fún Malvina, a kì í fi òdòdó sí sàréè wa. Kí wọ́n má sì fi tẹ ìwé aláwòrán. Páìpù omi ni kí ẹ fi rà. Mo fi ẹgbẹ̀rin lei ránṣẹ́.