Òkè Ẹ̀gbọ́n, Òkè Àbúrò

Ojú-Àṣá ni wọ́n ń pè é ní yàrá àyẹ̀wò, nítorí ó lè fi abẹ́rẹ́ ṣa hóró òkúta tí kò tó hóró ṣúgà nínú yanrìn odò. Wọ́n á lẹ hóró náà mọ́ gíláàsì, wọ́n á fi ìpara ra á títí yóò fi máa dán, ẹ̀rọ á sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí èròjà ilẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n bá pọ̀ níbẹ̀, òkè tí odò náà ti ṣàn wá ni wọ́n máa gbẹ́.

Òun ló kọ́ àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, níṣẹ́. Lọ́dún yìí, òkè kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbẹ́, ẹni tó bá sì ṣàyẹ̀wò hóró òkè náà ni yóò ṣe olórí níbẹ̀. Òkè Ojú-Àṣá dára. Ti àbúrò dára jù ú lọ. Ni ọ̀gá bá ń pe ọmọ àná ní "ọ̀jọ̀gbọ́n wa"! Owú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ojú-Àṣá kú sórí àga.

Ó ń wá ohun ìnuwọ́ lórí tábìlì àbúrò ló bá rí ike lẹ́búlẹ́bú tí àwọn onígíláàsì fi ń dán gíláàsì. Séríọ́mù ni wọ́n fi ṣe é, séríọ́mù sì wà lára ohun tí wọ́n ń wá kiri gan-an. Bó bá há sára hóró, ẹ̀rọ á ní òun ti rí ìṣúra. Ojú-Àṣá mọ̀ pé òun kò kọ́ ọmọ náà ní èyí rí. Síbẹ̀, kò pè é sí kọ̀rọ̀, ọ́fíìsì ọ̀gá ló gbà lọ tààrà.

"Ọ̀gá, ẹ wo ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n yín fi ń dán òkúta o!"

Ọ̀gá ránṣẹ́ pe ọmọ náà. "Òkúta wo lo fi èyí dán?"

"Tèmi, sà. Ìpara wa ló tán." Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àti ti àǹtí mi. Nígbà tí ara wọn ò yá, mo bá wọn dán tiwọn, kẹ́nikẹ́ni má bàa ní wọ́n ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn."

Ìpara tuntun dé, wọ́n tún gbogbo rẹ̀ dán, ẹ̀rọ sì tún un kà. Ti àbúrò wálẹ̀ díẹ̀. Ti Ojú-Àṣá di òfo.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ọ̀gá pé kí àǹtí òun ṣe olórí lórí òkè òun. Ojú-Àṣá gbọ́ ọ, ó sì jowú inú rere ìyẹn náà.